Igi Tí Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Ń Dọ̀bálẹ̀

Ẹni tó bá ń wá ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kò nílò nọ́ńbà ojúlé. Kó ṣáà gbójú sókè, kó wá igi kan tó ga ju gbogbo òrùlé àdúgbò lọ, tí ẹ̀ka rẹ̀ yí i ká ní ìpele-ìpele bí àwo tí wọ́n tò léra, àwo ńlá nísàlẹ̀, àwo kékeré lókè, tí ṣóńṣó orí rẹ̀ sì dá dúró gangan bí ìka tó ń tọ́ka sí ọ̀run. Abẹ́ rẹ̀ ni à ń gbé. Igi Kérésì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Frederick Ọmọ́ṣaléwá, bàbá tó bí màmá mi àgbà, ló gbìn ín. Tíṣà ìjọ ni nígbà ayé rẹ̀. Òyìnbó oníwàásù kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló gbé ọ̀gbìn náà lé e lọ́wọ́ nínú agolo bísíkíìtì. Nígbà tí bàbá náà kú, màmá àgbà ló jogún ilé àti igi, torí pé lọ́dọ̀ tiwa ní Ìjẹ̀bú, ọmọbìnrin kì í jókòó sí ẹ̀yìn ogún bàbá rẹ̀.

Kò sí irú igi yìí mìíràn tó dúró ní gbogbo ìlú. Mo ní tó dúró, torí pé àwọn tó sùn wà káàkiri. Lọ́dọọdún, bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, màmá àgbà a gé díẹ̀ lára àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀, a pín in fún ṣọ́ọ̀ṣì àti fún àwọn ará àdúgbò. Bí ọdún bá parí, àwọn mìíràn a ti ẹ̀ka tiwọn bọ ilẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù a gbẹ. Ìwọ̀nba tó bá ta gbòǹgbò a máa dàgbà, ṣùgbọ́n kò ní dìde. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò kọjú sí, yóò máa nà lọ gbalaja lórí ilẹ̀, ewé rẹ̀ tutù, ara rẹ̀ le, síbẹ̀ ewúrẹ́ lè fò ó kọjá.

Bàbá Frederick ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ igi náà ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá wọn ni, pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í nàró níwájú ẹni tó bí i. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ìdílé wa nínú ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí àlejò bá ti ìlú mìíràn wá, pàápàá àwọn àna, kí wọ́n tó fún un lómi ni màmá àgbà yóò ti mú un lọ wo èyí tó nà sẹ́bàá ọgbà wa. A ní kó wò ó dáadáa, pé ní Ìjẹ̀bú, igi gan-an mọ ìwà hù.

Ṣùgbọ́n bàbá kan náà tó sọ pé wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, nígbà tí ó ń kú lọ, ó bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó wá ọ̀kan tí yóò dìde. Ó fẹ́ kó dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ní Ibefun, níbi tó ti kọ́kọ́ di ẹfun ìkọ̀wé mú, níbi tí wọn yóò sì sin ín sí. Ó ní bí wọ́n bá bẹ igi náà dáadáa, yóò yọ̀ǹda ọ̀kan. Màmá àgbà ṣèlérí. Láti ìgbà náà ló ti ń bẹ̀ ẹ́. Ó ti fi ọ̀pá gbé ẹ̀ka nàró, ó ti fi okùn dè é mọ́ ògiri, ó ti gbin òmíràn sínú kòtò tóóró kó má bàa ríbi nà sí. Bó bá ti tú okùn, bí ẹni pé wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀ka náà yóò ṣe padà sórí ìdọ̀bálẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1984, Bàbá Ìjọ Ògúndèyí ránṣẹ́ láti Ibefun. Wọ́n ti fi ààyè ẹ̀gbẹ́ ibojì Bàbá Frederick sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kò sẹ́ni tó kan ohunkóhun mọ́ ọn, ìyá kan ò sì tẹ́ igbá síbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe táǹkì omi, ibẹ̀ nìkan ló sì tẹ́jú. Wọ́n ní àwọn yóò mú sùúrù títí òjò ọdún 1986. Bí igi bá dé, ibi tirẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá dé, kí ìyá má bínú, omi lèèyàn ń mu.

Màmá àgbà gbọ́ iṣẹ́ náà tán, ó ní kí wọ́n kí Bàbá Ìjọ. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa nígbà náà. Àwo oúnjẹ rẹ̀ ò dín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹni tó ní ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ni Bàbá George Ṣíjúadé. Òun àti màmá àgbà jọ ṣe tíṣà ní Odogbolu títí wọ́n fi jọ fẹ̀yìntì, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jiyàn láti ìgbà tí ìdajì àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ò tíì sí láyé. Òun ò ní igi. Ohun tí òun ní ni odídẹ méjì, akọ àti abo. Kì í ṣe odídẹ eérú oní ìrù pupa tí gbogbo èèyàn mọ̀. Àwọn wọ̀nyí kéré, wọn ò tóbi ju kí wọ́n gba inú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ara wọn ní àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú, iwájú orí wọn pupa bí ìgbà tí èèyàn fi osùn kùn ún. Akọ náà ò ní èékánná kan lẹ́sẹ̀ òsì. Àtè tí wọ́n fi mú un ló já a. Ẹni tó ń kó wọn lọ sí Èkó ni Bàbá Ṣíjúadé bá lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì gba méjì yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá balẹ̀ sórí koríko tó ti so, èèyàn yóò rò pé ewé ló ń fò. Ní báyìí, àtè àwọn ará Èkó ti kó wọn lọ, èèyàn lè rin oko lọ, rin oko bọ̀ fún odidi ọdún kí ó má fojú kan ọ̀kan.

Ó fẹ́ kí tirẹ̀ yé, kí wọ́n sì pa ọmọ. Ó bẹ káfíńtà kan kí ó kan ilé pákó aláràbarà fún wọn nínú àgò tó fi ń sìn wọ́n, ilé tó ní ilẹ̀kùn, tó ní fèrèsé, tó tún ní fàráńdà. Ó tẹ́ òwú sínú rẹ̀. Àwọn ẹyẹ náà ń jókòó sórí fàráńdà. Inú yàrá ni wọn ò wọ̀ rí.

Nítorí náà, bí oòrùn bá ti rọ̀, tí àwọn méjèèjì bá jókòó sí fàráńdà wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò tún délẹ̀: nínú igi àti ẹyẹ, èwo ló ṣọ̀wọ́n jù, èwo ló níyì jù? Bàbá Ṣíjúadé a ní igi lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìgbé ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ gbọ́dọ̀ ja ìjà ayé rẹ̀ lójoojúmọ́. Màmá àgbà a bi í pé ìjà wo ni ẹyẹ tó ń jẹ ọkà baba ọlọ́kà nínú àgò ń jà. Bàbá a ní tòun kúkú ń kí èèyàn káàárọ̀. Màmá a ní tòun ń fún gbogbo àdúgbò ní Kérésì, ti Bàbá ń fún wọn ní ìgbẹ́. Bí ó bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀, a ní, "George, àwọn ọmọ igi mi ń dọ̀bálẹ̀. Àwọn ọmọ ẹyẹ tìrẹ dà?"

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Ṣíjúadé dá a lóhùn. Ó ní, "Ọmọ tó ti dọ̀bálẹ̀ láti ìgbà ogun Hítílà tí kò tíì dìde, Matilda, ìyẹn ti kúrò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó yẹ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

A rẹ́rìn-ín títí. Màmá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń tún ìró rẹ̀ wé, bẹ́ẹ̀ ìró náà ò tú.

Mo ti kúrò ní yunifásítì nígbà náà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Bí àlọ́ kan bá wà nílẹ̀ tí n kò rí ìdáhùn rẹ̀, ara mi kì í balẹ̀. Àwọn méjì ló wà nílẹ̀ yìí, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: igi tí ọmọ rẹ̀ kì í dìde, ẹyẹ tí kì í yé. Mo mú ẹlẹgbẹ́ mi níléèwé wá wo igi náà, Ràmọ́tà Gbàdàmọ́sí, tó ń kọ́ni nípa ohun ẹlẹ́mìí. Ó wo ewé rẹ̀, ó wo èèpo rẹ̀, ó lọ wo ìwé, ó sì padà wá sọ fún màmá àgbà pé erékùṣù kékeré kan ni ilé igi yìí, láàárín òkun tó jìnnà réré, pé kò sí ibòmíràn láyé tí ó ti hù fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn ti gé e, ẹran ọ̀sìn ti jẹ ọ̀gbìn rẹ̀, èyí tó kù nínú igbó ibẹ̀ ò tó nǹkan mọ́. Màmá àgbà nà ẹ̀yìn rẹ̀ ró lórí àga. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbàdo.

Ṣùgbọ́n Ràmọ́tà ò mọ ìdí tí àwọn ẹ̀ka náà kì í fi í dìde. Kò sì mọ ìdí tí àwọn odídẹ náà kì í fi í yé.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wá bá mi níléèwé. Igi obì àgbà kan wà lẹ́yìn kíláàsì wa, ikán sì ti mọlé sára rẹ̀ lókè, ilé dúdú rogodo bí ìkòkò tí wọ́n so mọ́ igi. Àwọn ọmọ ọgbà iléèwé fẹ́ fi ọ̀pá gbá a wálẹ̀, kí wọ́n kó ikán inú rẹ̀ fún adìyẹ jẹ. Mo gbọ́ ohùn ẹyẹ kan, tíńrín, ohùn tí mo máa ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ọgbà Bàbá Ṣíjúadé láràárọ̀. Mo gbójú sókè. Odídẹ kékeré kan fò wá, iwájú orí rẹ̀ pupa, ó lẹ̀ mọ́ ara ilé ikán náà, ó wọnú ihò kan lọ bí ẹni tó ń wọ yàrá ara rẹ̀. Èkejì tẹ̀ lé e. Mo ní kí àwọn ọmọ náà gbé ọ̀pá wọn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Ṣíjúadé fi ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ gbé mi padà síbẹ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kíláàsì. Ikán ń lọ, ikán ń bọ̀ lára igi. Àwọn ẹyẹ náà jáde, wọ́n wọlé, wọ́n fi ẹnu gbẹ́ ẹnu ihò wọn fẹ̀ sí i. Ikán ò lé wọn, wọn ò sì jẹ ikán. Wọ́n jọ ń gbé ni, bí ayálégbé àti onílé tí wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Bàbá Ṣíjúadé ń wò wọ́n títí a fi padà sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi, láìwo ojú mi, pé, "Mo kọ́lé fún wọn bí ẹni pé èmi ni màá gbébẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń rò bí a ṣe ń wọ Ìjẹ̀bú-Òde. A gba iwájú ilé kan kọjá tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ igi wa nà sí. Ìyàwó ilé náà ti fi ọ̀pá mẹ́ta àti aṣọ àkísà gbé e ró bí ẹni tó fẹ́ rìn lẹ́yìn àìsàn, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ti ń wá ilẹ̀ lọ. Ó wá yé mi. Ibi tọ́wọ́ wa tó la ti ń gé e láti ọjọ́ yìí wá: ẹ̀gbẹ́, ìsàlẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ ni. Iṣẹ́ tí wọ́n bí i mọ́ ni kó nà, bí a sì gbìn ín sórí àga ọba, nínà ni yóò máa nà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lára igi náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdúró. Ṣóńṣó orí ni. Kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí.

N kò fọ̀rọ̀ náà pamọ́. Mo délé, mo wí i fún màmá àgbà ní fàráńdà, Bàbá Ṣíjúadé ń gbọ́. Mo yára sọ ọ́ jù. Mo ti parí rẹ̀ kí n tó rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

"Ìyẹn ni pé wọn ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kankan," ó ní. "Ìyẹn ni pé bàbá mi parọ́."

Bàbá Ṣíjúadé ló dá a lóhùn. Ó ní, "Bàbá rẹ ò parọ́. Ó rí ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì fi ẹnu Ìjẹ̀bú sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló ní kí o wá èyí tó máa dìde."

Màmá àgbà ní kò burú. Ó ní ẹ jẹ́ kí òun bi wá ní ìbéèrè kan: níbo ni wọ́n ti ń bẹ́ bàbá lórí kí ó tó lè bímọ? Ó bi mí bóyá igi náà yóò yè é bí a bá gé e lórí. Ràmọ́tà ni mo lọ bi, òun náà ò sì tàn wá. Ó ní òun kà á pé irú igi bẹ́ẹ̀ lè hu orí mìíràn, ṣùgbọ́n òun ò lè búra fún igi tó dàgbà tó báyìí. Màmá àgbà ní tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a fi igi bàbá òun sílẹ̀. Bí kò bá sí ọmọ ní Ibefun, ó kéré tán, bàbá á wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò gba kí ẹnikẹ́ni tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, odidi oṣù kan sì kọjá tí àwọn méjèèjì ò jiyàn. Fàráńdà wa dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún 1985 ti rọ̀ nígbà tí Bàbá Ṣíjúadé gbé àgò rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà wa, pẹ̀lú àwọn odídẹ méjèèjì nínú rẹ̀, tí ó sì sọ fún màmá àgbà pé òun fẹ́ kí ó bá òun dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Màmá àgbà bi í pé kí ló fẹ́ fi òun ṣe níbẹ̀. Ó ní ẹlẹ́rìí. Màmá àgbà wé gèlè, ó mú agboòrùn, ó wọ iwájú ọkọ̀ ìjàpá. Èmi gbé àgò náà sórí ẹsẹ̀ lẹ́yìn.

Bàbá Ṣíjúadé gbé e kalẹ̀ sábẹ́ igi obì náà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ilé ikán mìíràn ti wà lókè lára igi kejì tó wà nítòsí, kò sí ẹyẹ kankan nínú rẹ̀. Àwọn odídẹ náà ò jáde lẹ́ẹ̀kan. Abo ló kọ́kọ́ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yí orí síhìn-ín, ó yí orí sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ló fò. Akọ pariwo, ó sì tẹ̀ lé e. Wọ́n wọ àárín ewé, a ò rí wọn mọ́. Bàbá Ṣíjúadé ti àgò òfìfo náà pa bí ẹni pé nǹkan kan ṣì wà nínú rẹ̀.

"Àṣá lè gbé wọn kí ilẹ̀ tó ṣú," màmá àgbà sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ó lè gbé wọn," ó dá a lóhùn. "Mo ti ṣe tèmi, Matilda."

A padà sílé. Màmá àgbà sọ̀kalẹ̀, ó dúró sábẹ́ igi bàbá rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ara igi náà. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ sókè, bí ẹni tó ń bá àgbàlagbà tí etí rẹ̀ di sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ ní kí n bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní orí ni wọ́n ń béèrè." Ó yíjú sí mi. "Yọmí, lọ wá ayùn."

Igi náà rọrùn láti gùn, torí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ dà bí àkàsọ̀. Bí mo ti ń gòkè ni ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tí ó sì ń mì. Nígbà tí mo dé ọrùn rẹ̀, mo rí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde nísàlẹ̀ mi, páànù pupa lórí páànù pupa, ilé ìsìn, mọ́sáláṣí, ọ̀nà Odogbolu bó ti gùn lọ. Mo wo ìsàlẹ̀. Màmá àgbà jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lókè, kò gbé e kúrò. Mo di orí igi náà mú, mo gé e, mo sì fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

A gbìn ín sínú ìkòkò ńlá, a ṣíji bò ó, a ń bomi rin ín. Ó dúró gangan, bí ọmọ ogun. Inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn náà, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìsàlẹ̀. Ìdúró náà ló wà títí ó fi gbẹ.

Màmá àgbà ò bá mi wí. Ì bá sàn kí ó bá mi wí. Àwọn ará àdúgbò ń kọjá, wọ́n ń gbójú sókè wo kùkùté tó wà níbi orí, wọ́n ń mi orí tiwọn. Ẹnìkan sọ fún mi lójú ọ̀nà pé wọ́n rán mi lọ sí yunifásítì, mo wá bẹ́ Igi Kérésì lórí. Iṣẹ́ dé láti Ibefun pé búlọ́ọ̀kù táǹkì ti dé ilẹ̀, pé wọ́n kàn tò ó jọ ni, wọn ò tíì mọ ọ́n. Lọ́jọ́ Kérésì ọdún náà, màmá àgbà ò gé ẹ̀ka fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí igi náà sinmi.

Láti ìgbà tí ẹyẹ ti kúrò lọ́dọ̀ Bàbá Ṣíjúadé ló ti ra awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà. Ó máa ń gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, bí kò bá sì lọ, a máa wo ohunkóhun tó bá ń fò lókè ọgbà rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ọdún 1986 wọlé, àwa wà ní fàráńdà, òun dúró lẹ́yìn ọgbà rẹ̀, ó gbé awò náà sójú.

"Matilda," ó ní, bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀, "orí mélòó ni igi rẹ ní?"

"Ẹ ti gé ọ̀kan tó ní."

"Mo ń rí mẹ́ta."

Mo ti wà lórí ẹ̀ka kẹta kí màmá àgbà tó dìde nílẹ̀. Òótọ́ ni. Nísàlẹ̀ ibi tí mo gé, èéhù mẹ́ta ti yọ lára igi náà, wọ́n tutù, wọ́n rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti to àwo kékeré tirẹ̀ yí ara rẹ̀ ká. Ọ̀kankan nínú wọn ò wo ẹ̀gbẹ́. Òkè ni gbogbo wọn kọjú sí. Mo jókòó lókè níbẹ̀, mo sì ké sí màmá àgbà nísàlẹ̀ pé òótọ́ ni. N kò gbọ́ ohun tó fi dáhùn, ṣùgbọ́n mo rí i tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àyà.

A fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀ kó di orí fún bàbá rẹ̀. Ràmọ́tà fi abẹ gé méjì tó kù, ó fi wọ́n sínú iyanrìn, ó sì fi ọ̀rá bò wọ́n. Ó ní ti tẹ́lẹ̀ gbó jù ni, pé ọmọdé ló mọ bí wọ́n ṣe ń ta gbòǹgbò. Ọ̀kan kú. Èkejì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò kú, kò sì dàgbà, màmá àgbà ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á wò. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó yọ ìpele tuntun kan. Kò sí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí okùn, kò sí ògiri. Ó dúró.

Ọjọ́ tí a gbé e lọ sí Ibefun, orí ẹsẹ̀ màmá àgbà ló wà nínú ọkọ̀ ìjàpá náà, kò gbà kí n bá òun gbé e. Àwọn ará ìjọ ti kó búlọ́ọ̀kù kúrò lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí a tó dé. Bàbá Ìjọ Ògúndèyí fẹ́ bá a gbẹ́ ilẹ̀, màmá àgbà ní rárá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibojì bàbá rẹ̀ pẹ̀lú gèlè funfun rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ilẹ̀ sí ìdí igi náà, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tó àkókò àtidìde, mo fún un lọ́wọ́, kò gbà á. Ó dá dìde. Ó dúró gangan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kékeré tí kò tíì tó orúnkún rẹ̀, ó sì wo gbogbo àwọn èèyàn tó péjọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó ń wo kíláàsì.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ọmọ Frederick Ọmọ́ṣaléwá nìyí. Ó ti dìde."

Nígbà tí a ń padà, Bàbá Ṣíjúadé, tó ti ń fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ láti àárọ̀, wá sọ pé òun náà ní ìròyìn. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, awò òun mú odídẹ kan tó yọ láti inú ilé ikán kejì, èékánná kan ò sí lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀. Àwọn mẹ́ta kéékèèké tẹ̀ lé e jáde, iwájú orí wọn ò tíì pupa, ó ṣì dà bí àwọ̀ ọsàn tó ń pọ́n bọ̀. Màmá àgbà kí i kú oríire. Ó kí i dáadáa, ó sì fọwọ́ kan apá rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì dúpẹ́ tán lọ́kàn mi tí Bàbá Ṣíjúadé fi ní kí ó gbà báyìí pé ẹyẹ ló níyì jù. Ó ní, "Tìrẹ, ìgbà tí wọ́n bẹ́ ẹ lórí ló tó bímọ. Tèmi, mo kàn ṣílẹ̀kùn ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni," màmá àgbà ní. "Ṣùgbọ́n tèmi ṣì wà nílé."

Bàbá Ṣíjúadé rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti dúró sẹ́bàá ọ̀nà.

Àwọn àlejò ṣì ń wá sílé wa. Màmá àgbà ṣì ń mú wọn lọ wo èyí tó nà gbalaja sẹ́bàá ọgbà, kí wọ́n tó mu omi. Kò yí ìtàn bàbá rẹ̀ padà. Ó kàn fi kún un ni. Ó ń sọ fún wọn pé àwọn ọmọ igi yìí dọ̀bálẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ títí, ó wá wu bàbá wọn láti ní kí ọ̀kan dìde, ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ sí Ibefun. Mo máa ń dúró lẹ́yìn wọn nígbà tó bá ń sọ ọ́. Mo mọ̀ nípa ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ àti ṣóńṣó orí, mo sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó bá bi mí. Kò tíì sí ẹni tó bi mí. Bí àlejò bá sì yíjú sí mi láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìyá yìí ń sọ, mo máa ń ní òótọ́ ni.